Ohun Tí A Kọ Sára Irinṣẹ́

AI tó kàn ń dáhùn ìbéèrè, ẹnu nìkan ló ní. Èyí tí wọ́n ń pè ní ejẹ́ǹtì ni wọ́n fún ní irinṣẹ́: ó lè wo iye tí wọ́n ń ta gàrí lónìí, ó lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà, ó lè wá orúkọ aláìsàn nínú àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn. Àmọ́ kò rí inú àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí. Orúkọ irinṣẹ́ ló ń rí, àti ìlà díẹ̀ tí ẹni tó ṣe é fi ṣàlàyé rẹ̀, àti àwọn àyè tó gbọ́dọ̀ kún kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Inú ìlà díẹ̀ yẹn ni yóò ti mọ̀ bóyá irinṣẹ́ náà ló yẹ kí òun mú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni OpenAI ṣí irú ọ̀nà yìí sílẹ̀ fún àwọn oníkóòdù tó ń lo AI wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Anthropic gbé ìlànà MCP jáde, kí irinṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe ní Ìbàdàn lè wúlò fún ejẹ́ǹtì tí ẹlòmíràn ṣe ní Tokyo. Ẹni tó kọ àlàyé kò mọ ẹni tí yóò kà á, kò sì ní sí níbẹ̀ láti sọ pé, "Rárá o, ohun tí mo ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn." Ayétẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá ni mo wà tí mo ń kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Ìbàràpá fi pọ̀ nínú rẹ̀.

*

Ká ní a ṣe irinṣẹ́ kan tí yóò máa sọ ọjọ́ ọjà tó kàn fún àwọn tó ń ra ẹ̀gúsí àti gàrí kiri. Oníkóòdù kọ àlàyé rẹ̀ pé: "Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà yìí." Kò sí àgbàlagbà kan nílùú yìí tí yóò bá a jiyàn. Bí wọ́n bá ná ọjà ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 2025, a ó ka Mọ́ńdè náà mọ́ ọn: Mọ́ńdè, Túsìdeè, Wẹ́sìdeè, Tọ́sìdeè, Fúráìdeè. Ọjọ́ karùn-ún pé, ọjà tún dé, ọjọ́ 7 nìyẹn. AI kò ní kà á bẹ́ẹ̀. Yóò fi 5 kún 3, yóò rí Sátidé ọjọ́ 8, yóò sì rán awakọ̀ lọ sí ọjà tó ti tú láti àná.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án, tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi 8 kún. Ti ìtàdógún tún wá le jù, nítorí ní ìṣirò àtijọ́ 16 ni a ó fi kún un, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí ló ń fi ìtàdógún pe ọ̀sẹ̀ méjì gééré. Àlàyé tí mo fara mọ́ kò dárúkọ márùn-ún rárá. Ó ní: "Fi 4 kún ọjọ́ tí wọ́n ná ọjà kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ná an ní ọjọ́ 3, ọjọ́ 7 ni wọn yóò tún ná an." Àpẹẹrẹ kan tó ní ọjọ́ gan-an nínú ń pa iyàn tí ìpínrọ̀ gígùn kò lè pa. Ìlà kan ṣì kù tí mo máa ń fi sí i: "Ìṣirò lásán ni irinṣẹ́ yìí ń ṣe, kò mọ̀ bí ọba bá wàjà tàbí bí wọ́n bá ti ọjà pa nítorí orò. Kí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò kọ́kọ́ pe ẹnì kan nínú ọjà."

*

Irinṣẹ́ mìíràn: wa_alaisan. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí ló ń béèrè. Káàkiri ayé ni àwọn oníkóòdù ti gbẹ́kẹ̀ lé ọjọ́ ìbí bí orúkọ bá jọra. Bí Adébáyọ̀ méjì bá wà, ọjọ́ tí wọ́n bí wọn yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ gbé e wá sí Ìgbò-Ọrà. Iye tí wọ́n máa ń tọ́ka sí láti inú ìwádìí dókítà Patrick Nylander ni ìbejì 45 sí 50 nínú ẹgbẹ̀rún ìbí, ìlú náà sì ti sọ ara rẹ̀ di olú ìlú ìbejì, ó ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀. Táyéwò àti Kẹ́hìndé yìí, orúkọ bàbá kan náà ni, ìyá kan náà, ilé kan náà, nọ́ńbà fóònù ìyá wọn kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí, àwọn méjèèjì ni yóò jáde. Bó bá tẹ Táyéwò nìkan, Táyéwò ilé kejì àti ti ilé kẹta á bá wọn wá. Ejẹ́ǹtì tí wọn kò kìlọ̀ fún yóò mú ẹni tó wà lókè àkójọ, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ tayọ̀tayọ̀, àfi ìgbà tó bá di pé oògùn tí ara Kẹ́hìndé kò gbà ni wọ́n kọ fún un nítorí fáìlì Táyéwò ni wọ́n ṣí.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àlàyé ni pé: "Níbí, orúkọ àti ọjọ́ ìbí kò tó láti ya ènìyàn méjì sọ́tọ̀. Nọ́ńbà káàdì ni kí o béèrè. Bí o bá rí ju ẹnì kan lọ, má yan ẹnikẹ́ni. Kó gbogbo wọn fún nọ́ọ̀sì kó fúnra rẹ̀ yàn." Ẹni tó kọ irinṣẹ́ náà ní Èkó tàbí ní California kò lè mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tó ń gbé e wá síbí ló yẹ kó tún àlàyé rẹ̀ kọ kó tó tan án.

*

Bí ọ̀rọ̀ bá kan àgbàlagbà: irinṣẹ́ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè bóyá "ẹ" ni wọn yóò fi bá olúwarẹ̀ sọ̀rọ̀ tàbí "o". Bí kò bá béèrè, ejẹ́ǹtì yóò fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Mo ti rí èyí tó kọ ọ́ sí baálé ilé pé "má gbàgbé láti san owó rẹ". Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, gbèsè náà wà lọ́rùn rẹ̀. Kò san án o.

*

Ìṣirò oògùn kan wà tí Ayétẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ṣèlérí pé àwọn yóò máa fi ivermectin tọrẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá nílò rẹ̀ nítorí àrùn ìfọ́jú tí eṣinṣin etí odò ń kó ranni, iye yòówù tí wọ́n bá nílò, títí di ìgbà tí wọn kò bá nílò rẹ̀ mọ́. Àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń pín in. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe dókítà. Bẹ́ẹ̀, bí ara ènìyàn bá ṣe wúwo tó ló yẹ kó pinnu iye tí yóò gbé mì: 150 máíkírógíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń pín oògùn. Ó gbọ́dọ̀ gbé sikéèlì láti abúlé dé abúlé. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni sikéèlì ń fẹ́. Lẹ́yìn tó bá ti kà á tán, kó ṣe ìsọdipúpọ̀, kó wá pín in sí iye hóró oògùn. Ibi mẹ́rin ni àṣìṣe ti lè wọlé ká tó sọ pé, "Omi dà?"

Wọ́n wá fi ọ̀pá rọ́pò sikéèlì. Gíga ènìyàn ni ọ̀pá náà ń wò. Ẹni tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 90 sí 119 yóò gba hóró kan. 120 sí 140, hóró méjì. 141 sí 158, hóró mẹ́ta. Ẹni tó tó 159 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́rin. Ó parí. Ẹni tó ń pín in kò ṣe ìṣirò kankan; àwọn tó ṣe ọ̀pá ti bá a ṣe gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pá béèrè ni ohun tó wà níwájú rẹ̀, ìyẹn ènìyàn tó dúró. Ìdáhùn tó lè jáde kò ju mẹ́rin lọ, kò sì sí hóró méjì ààbọ̀ nínú rẹ̀.

Bí mo bá ń wo àlàyé irinṣẹ́ AI, ọ̀pá yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, mi ò sì tíì rí ọ̀pọ̀ tó já fáfá tó o. Ẹnì kan yóò ṣe irinṣẹ́ tó ń béèrè ìwọ̀n ara ní kílò nígbà tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú àwọn tó ń bá ejẹ́ǹtì sọ̀rọ̀. Ènìyàn tí kò mọ̀ yóò fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. AI kì í sábà fi sílẹ̀. Yóò ro ó pé àgbàlagbà ni, yóò kọ 60 sí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé ó méfò.

Èyí tó tún wù mí jù ni bí ọ̀pá náà ṣe ń kọ̀. Ọmọ tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 90, ọ̀pá kò ní àmì kankan fún un. Kò sí bí o ṣe fẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kò lè rí i pé obìnrin lóyún, kò mọ ẹni tó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí tó sì ń fọ́mọ lọ́mú, kò mọ ẹni tí àìsàn ti dá wó. Àwọn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ gbà á, ẹnu sì ni wọ́n fi ń kìlọ̀ rẹ̀. "Má ṣe é" oríṣi méjì ló wà nígbà náà: èyí tí irinṣẹ́ lè fúnra rẹ̀ kọ̀, àti èyí tí ọ̀rọ̀ nìkan lè dá dúró. Mo máa ń ti ìkìlọ̀ bọ inú irinṣẹ́ títí yóò fi kún. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, òkè pátápátá àlàyé ni mo ń gbé e sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n máa ń to ìkìlọ̀ jọ sí bí ẹni ń kó ẹrù sí àjà.

*

Tápà ń bẹ ní Àríwá Ìbàràpá pẹ̀lú Ayétẹ̀ àti Igangan. Yorùbá tún ń pe àwọn Núpé ní Tápà. Igangan mìíràn wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ejẹ́ǹtì tó ń wá "Igbo-Ora" láìsí àmì ohùn lè rò pé ẹ̀yà Igbo ni, kó bá ara rẹ̀ ní Enugu. Irinṣẹ́ tó ń wá ìlú yẹ kó béèrè ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, kó sì sọ ọ́ nínú àlàyé rẹ̀ pé mẹ́ta ni Ìbàràpá nínú ìwé ìjọba: ti Àríwá tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ayétẹ̀, ti Àárín Gbùngbùn ní Ìgbò-Ọrà, ti Ìlà Oòrùn ní Èrúwà. Ó tán.

*

Ní Ìdèrè, ìlú mìíràn ní Ìbàràpá, sòbìyà fìyà jẹ àwọn ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di pé Nàìjíríà rí aláìsàn rẹ̀ ìkẹyìn ní ọdún 2008, tí àjọ WHO sì jẹ́rìí ní 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Àwọn oníwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, William Brieger wà lára wọn, bá àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́ lórí asẹ́ onínáílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu. Aṣọ lásán ni lójú. Ìlò rẹ̀ ní òfin kan tí aṣọ fúnra rẹ̀ kò lè sọ: ojú kan náà ló gbọ́dọ̀ máa wà lókè nígbà gbogbo. Bí o bá sẹ́ omi lónìí, tí o yí i padà lọ́la, àwọn kòkòrò tí asẹ́ mú lónìí yóò ṣàn wọ inú omi tí o fẹ́ mu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ni pé ká fi àmì sí ojú tó jẹ́ òkè. Ìpàdé ìlú ti tú, olùkọ́ ti padà sí Ìbàdàn, àmọ́ àmì ṣì wà lára aṣọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló kan àwa tó ń kọ àlàyé gan-an. Kí ni asẹ́ yìí ń ṣe? Bí o bá ní "ó ń sọ omi di mímọ́", o ti parọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò pè é ní irọ́. Kòkòrò kékeré inú omi tó ń gbé ọmọ sòbìyà kiri ni asẹ́ ń mú. Kòkòrò àrùn tó ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun kéré jù ú lọ, yóò kọjá wẹ́rẹ́. Ìyá tó gbọ́ "omi mímọ́" yóò fi omi náà po oúnjẹ ọmọ láìsè é. Ejẹ́ǹtì tó ka "ó ń yẹ àdírẹ́sì wò" yóò rò pé àdírẹ́sì náà wà lóòótọ́, nígbà tó jẹ́ pé irinṣẹ́ kàn ń wò ó bóyá wọ́n tò ó bó ṣe yẹ ni. Kọ ohun tó ń ṣe. Kọ ohun tí ènìyàn lè rò pé ó ń ṣe tí kò sì ṣe.

*

Lára ohun tí dókítà iṣẹ́ abẹ Oluyombo Awojobi, tó ṣaláìsí ní ọdún 2015, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní Èrúwà ni ẹ̀rọ tó ń fi iye ẹ̀jẹ̀ pupa hàn. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe é. Wọ́n á fi ọ̀pọ́n kékeré tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ sí i, wọ́n á yí i, kò gba iná mànàmáná. Àjèjì tó bá wọ yàrá náà, kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ ni yóò rò pé òun rí.

Mo mọ irinṣẹ́ AI púpọ̀ tí wọ́n sọ lórúkọ nǹkan tí wọ́n fi ṣe é: sql_runner, api_v2_handler. Àwọn tó kọ ọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Ejẹ́ǹtì tó ń wá ọ̀nà láti mọ iye ẹ̀jẹ̀ kò ní fọwọ́ kan ohun tí wọ́n kọ "kẹ̀kẹ́" sí lára, bó ti wù kó ṣiṣẹ́ tó.

*

Irinṣẹ́ tó ń wo iye gàrí dáhùn pé, "Iye: 1200." Kóńgò kan ni? Kílò kan? Kóńgò ọjà kan kì í ṣe kóńgò èkejì, àwọn mìíràn sì ti lu ìdí rẹ̀ wọlé kí gàrí má baà gbà púpọ̀. Ẹlòmíràn á wọ̀n ọ́n kó ga bí òkìtì, ẹlòmíràn á fi ọwọ́ gé e. Nítorí náà mi ò fi "iye" nìkan sílẹ̀ mọ́ nínú irinṣẹ́ kankan. Naira_fun_kongo_kan ni mo ń kọ, àlàyé rẹ̀ sì ń sọ bóyá olókìtì ni tàbí èyí tí wọ́n gé. Àwọn oníkóòdù ẹlẹgbẹ́ mi ní orúkọ náà gùn, ó burẹ́wà. Ejẹ́ǹtì tí yóò máa tẹ̀ ẹ́, kì í rẹ̀ ẹ́.

*

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, Anthropic sọ nípa ejẹ́ǹtì kan tó ń tún kóòdù ṣe nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní SWE-bench. Irinṣẹ́ rẹ̀ gbà kó dárúkọ fáìlì láti ibi tó bá dúró sí. Bó bá ti kúrò nínú fódà àkọ́kọ́ bọ́ sí òmíràn, ó ń ṣìnà. Wọn kò kọ ìkìlọ̀ gbọọrọ sí i. Wọ́n yí irinṣẹ́ náà padà, wọ́n ní kó máa kọ orúkọ fáìlì láti gbòǹgbò dé orí nígbà gbogbo, àṣìṣe náà sì dópin. Wọ́n tún ní àkókò tí àwọn lò lórí irinṣẹ́ pọ̀ ju èyí tí àwọn lò lórí ìtọ́ni àpapọ̀ lọ. "Ilé kejì sí tiwa" dára nígbà tí ẹni tó sọ ọ́ bá ṣì dúró níwájú ilé rẹ̀.

*

Àlàyé máa ń gbó. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ paraquat dáadáa; kẹ́míkà tó ń pa koríko kíá ni. NAFDAC fòfin de lílò rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì mú atrazine tẹ̀ lé e láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025. Irinṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ tí wọ́n kọ àlàyé rẹ̀ ní 2022, tó ní "ó mọ gbogbo oògùn apakoríko tí ìjọba fọwọ́ sí", òótọ́ ló sọ nígbà yẹn. Ejẹ́ǹtì tó kà á lónìí kò mọ̀ pé ọjọ́ orí wà lára gbólóhùn. Ó gbà á gbọ́. Ẹ kọ ọjọ́ sí i: "Àkójọ yìí pé títí di oṣù kìíní ọdún 2025." Bí ọjọ́ náà bá ti jìnnà, ejẹ́ǹtì yóò ní ohun tó lè fi ṣiyèméjì.

*

Ohun tí ejẹ́ǹtì ń gbà gbọ́ yìí ni àwọn ọ̀dàlẹ̀ ń lò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Invariant Labs fi hàn pé ènìyàn lè ṣe irinṣẹ́ kékeré kan tó ń ro nọ́ńbà pọ̀, kó wá fi àṣẹ pamọ́ sínú àlàyé rẹ̀ pé kí AI kọ́kọ́ ka fáìlì ìkọ̀kọ̀ oníkọ̀ǹpútà, kó fi ohun tó bá rí níbẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kò rí àlàyé. AI ló ń rí i. Irinṣẹ́ tí o gbà lọ́wọ́ ẹni tí o kò mọ̀, ka àlàyé rẹ̀ dópin kó o tó gbé e fún ejẹ́ǹtì rẹ, pàápàá bó bá gùn ju iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ.

*

Bí iṣẹ́ bá kọ̀ láti ṣe, ohun tí irinṣẹ́ bá sọ náà jẹ́ àlàyé. "Error 400" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ejẹ́ǹtì yóò tún fi ohun kan náà ránṣẹ́, yóò tún kùnà, owó ń lọ. "Mo ń retí ọjọ́ bíi 2025-11-07, 'ọ̀túnla' ni mo gbà. Ṣírò rẹ̀ láti òní, kó o tún gbìyànjú" á yanjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń kọ kóòdù máa ń kọ irú ìdáhùn yìí kẹ́yìn, nígbà tó ti ń rẹ̀ wọ́n. Ó hàn lára rẹ̀.

*

Irinṣẹ́ méjì tó jọra burú ju irinṣẹ́ kan tí kò dára lọ. wa_onibara àti se_awari_onibara: èwo ni kó mú? Bí ìwọ tó kọ méjèèjì bá ní láti ronú kó o tó dáhùn, pa ọ̀kan rẹ́.

*

Mi ò mọ àlàyé tó dára nípa wíwò ó lójú. Mo máa ń fún ejẹ́ǹtì ní iṣẹ́ tí oníṣòwò yóò rán an gan-an, ní ọ̀rọ̀ tí oníṣòwò yóò lò, pẹ̀lú àìpé rẹ̀: "Bá mi wo ti ọjọ́ yẹn." "Ṣé Ìyá Ìbejì ti sanwó?" Lẹ́yìn náà ni mo ń ka àkọsílẹ̀ ìgbésẹ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀, mo ń wá ibi tó ti mú irinṣẹ́ tí kò yẹ, tàbí tó ti kún àyè kan láìbéèrè. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà kóòdù kò ní àléébù. Gbólóhùn kan ni mo ń tún ṣe, mo tún rán an níṣẹ́ kan náà, mo tún kà á. "Ìyá Ìbejì" nìkan ti gba mí lákòókò ju gbogbo ètò ìsanwó lọ, nítorí ó pọ̀ nínú ìwé gbèsè kan ṣoṣo, ejẹ́ǹtì sì ń fẹ́ láti ṣoore fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí. Ní báyìí ó ń béèrè pé Ìyá Ìbejì èwo, ti ẹ̀bá mọ́ṣáláṣí ni àbí ti ìdí ẹ̀rọ gàrí. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi béèrè iye tí mo fẹ́ gbà lórí ìyẹn. Mo ní ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ó ní gbólóhùn kan péré kọ́ ni mo yí padà ni?